Ọkà tí kò hù, olú tó ń pọntí: bí ẹ ṣe lè ṣe ọtí ìrẹsì Ṣáínà nílé

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń pọn burúkútù tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí mọ̀ pé ọkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hù. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo sómi, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọ èèhù, wọ́n á sá a gbẹ, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á tó lọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ kò le. Sítáàṣì ló kún inú ọkà, ìwúkàrà (yíìsì) tó ń sọ nǹkan di ọtí kò sì ní eyín tó lè fi jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ló ń jẹ. Ọkà tó ń hù ló ń fúnra rẹ̀ sọ sítáàṣì di ṣúgà kí ọmọ irúgbìn inú rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ, àwa a sì fi oúnjẹ ọmọ irúgbìn náà pọntí.

Àwọn ará Ṣáínà kì í dúró de èèhù. Wọ́n á se ọkà jinná, ó ti kú nìyẹn, kò lè hù mọ́. Olú, irú èyí tó ń hu irun lára oúnjẹ tó bá hùkasì, ni wọ́n wá ń gbà síṣẹ́ láti bá wọn sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú olú yìí sí, pẹ̀lú ìwúkàrà àti bakitéríà tó ń bá a gbé, ni ohun gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní qu. Ẹ ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ wá pe "chee" inú "cheese": ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é dáadáa.

Baijiu, ọtí líle tó mọ́ gaara bí omi, tí wọ́n sábà máa ń fi ọkà bàbà ṣe, orí qu ló dúró lé. Àbúrò rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín: jiuniang, ìrẹsì dídùn tó ní omi ọtí díẹ̀ nínú, àti mijiu, ọtí ìrẹsì tí jiuniang ń dà tí ẹ bá fún un láyè. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ohun tí wọ́n ń ṣe nínú kòtò tí ọkà baijiu ti ń kan, ní ẹkùn Sichuan tàbí Guizhou ní Ṣáínà, kò ní ṣàjèjì sí yín mọ́.

Ẹ má retí kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sè é di baijiu. Ní Britain, òfin kò gbà kí èèyàn máa se ọtí líle nílé láìgba ìwé àṣẹ. Nílé wa ńkọ́? Ògógóró tó ní májèlé methanol nínú pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers lọ́dún 2015. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo kọ tán kó lọ máa fi ìkòkò ìdáná dán irú ẹ̀ wò.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò

Olú onírun ni ọ̀gá. Ẹ ti rí ìbátan rẹ̀ lára búrẹ́dì tó hùkasì. Rhizopus ló wọ́pọ̀ jù nínú qu tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Ó máa ń tu ẹ́ńsáìmù sára ìrẹsì, ẹ́ńsáìmù náà á sì gé sítáàṣì wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Lọ́dún 1892, Albert Calmette, dókítà ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Saigon, yọ ọ̀kan lára àwọn olú yìí sọ́tọ̀ láti inú qu àwọn ará Ṣáínà, ó sọ ọ́ ní Amylomyces rouxii. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ ọtí ní Yúróòpù ń lò ó. Àwọn apọntí Ṣáínà ti ń sìn ín fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà náà, láìní awò kankan tí wọ́n fi lè rí i.

Ìwúkàrà ló tẹ̀ lé e. Saccharomyces cerevisiae, èyí tó ń mú kí búrẹ́dì wú, òun náà ló wà níbí. Ẹ bá a pàdé nínú emu ọ̀pẹ pẹ̀lú. Ṣúgà tí olú bá gé sílẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń yọ ọtí àti afẹ́fẹ́ jáde. Àwọn ìwúkàrà mìíràn wà tí ọtí wọn kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fún ọtí ní òórùn èso pípọ́n. Wickerhamomyces anomalus jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni bakitéríà, ẹbí àwọn tó ń mú ògì kan. Bí wọ́n bá mọ níwọ̀n, kíkan díẹ̀ tí wọ́n ń mú wá máa ń lé àwọn kòkòrò burúkú sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ óò mu ún, ojú yín á sì fún pọ̀.

Olú àti ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìkòkò kan náà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àwọn tó ń pọn bíà máa ń yọ ṣúgà tán ná kí wọ́n tó pe ìwúkàrà wá jẹun. Níbí, olú ń gé, ìwúkàrà ń jẹ, bí ìyá tó ń dín àkàrà tí àwọn ọmọ sì ń mú un láti inú asẹ́. Ṣúgà kì í kó jọ jù débi tí yóò fi fún ìwúkàrà lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ọtí ìrẹsì ìlú Shaoxing ní Ṣáínà, tí ẹnikẹ́ni kò sè di ọtí líle, fi lè lé ní 15% láìfi ṣúgà kankan kún un.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, èyí tí wọ́n ń pè ní nuomi, kílò kan. Ìrẹsì wa lásán ṣeé lò, àmọ́ ó máa ń le, adùn rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó. Ẹ lọ sí ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà fún qu. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké, ó sì lè jẹ́ ìyẹ̀fun nínú páálí. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀, torí agbára wọn kò dọ́gba. Èyí tí mo ń lò jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4 sí kílò ìrẹsì kan. Ẹ má ṣe fi yíìsì búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìrẹsì mi ṣì jẹ́ ìrẹsì, òórùn iléeṣẹ́ búrẹ́dì nìkan ló kún ilé ìdáná. Kò sí olú níbẹ̀ tí yóò gé sítáàṣì.

Ẹ tún nílò ìkòkò tó ṣeé fi ooru omi se nǹkan, tàbí ajere tó mọ́ tí ẹ lè gbé ka orí ìkòkò, pẹ̀lú aṣọ funfun tí ẹ óò tẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ wá abọ́ gíláàsì tàbí ti amọ̀ dídán tó ní ìdérí, ṣíbí onígi, àti omi tó ti hó tó sì ti tutù. Tẹ̀mómítà dára tí ẹ bá rí. Ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyá ilé ní Ṣáínà kì í gbà kí òróró tàbí omi tútù tí a kò sè kan ìkòkò jiuniang, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ gbọ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rẹ ìrẹsì

Ẹ ṣan ìrẹsì títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8 sí 12. Ẹ mú hóró kan, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ooru omi sè é

Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ ìrẹsì náà sínú aṣọ, kí ẹ fi ooru omi tó ń hó sè é fún ìṣẹ́jú 30 sí 40. Hóró gbọ́dọ̀ jinná dé inú, síbẹ̀ kí ó dá dúró. Ẹ má sè é bí ìrẹsì ọ̀sán, torí ìrẹsì tó bá rọ̀ jù yóò lẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn kò ní ráyè wọlé, olú onírun kò sì lè gbé láìsí atẹ́gùn.

Àwọn tó ń ṣe baijiu ní ìṣòro kan náà, òkìtì tiwọn sì ju abọ́ yín lọ fíìfíì. Èèpo ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dà mọ́ ọkà bàbà kí ó má bàa dì. Wọn kì í sì í fi omi pò ó di ẹ̀kọ. Bó ṣe wà ní rínrin báyìí ni wọ́n ń jẹ́ kó kan, bí ìgbà tí gaàrí bá rin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kó tutù

Ẹ da ìrẹsì sínú àwo fẹ̀ẹ̀, kí ẹ máa fi ṣíbí tú u. Ẹ wọ́n omi tó ti hó tó sì ti tutù sí i, nǹkan bíi kọ́ọ̀bù kan, kí hóró lè já sílẹ̀ lára ara wọn. Ìwọ̀n 30°C sí 35°C ni ẹ ń wá. Bí ẹ kò bá ní tẹ̀mómítà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, nítorí ìkánjú. Bí ẹ bá da qu sórí ìrẹsì gbígbóná, ẹ ti pa àwọn òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ da qu sí i

Ẹ gún un kúnná. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù, kí ẹ wọ́n ìyókù yí ìrẹsì ká, kí ẹ sì pò ó mọ́ra dáadáa. Ẹ kó o sínú abọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láìkì í mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ìdí ṣíbí dá ihò kan sí àárín títí dé ìsàlẹ̀ abọ́. Ẹ wọ́n qu tó ṣẹ́ kù sójú ìrẹsì àti sínú ihò. Ihò yìí ń fún olú ní atẹ́gùn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ óò ti rí omi tó bá ń sun jáde. Ẹ gbé ìdérí lé e, àmọ́ ẹ má dé e pa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ooru àti sùúrù

Ẹ gbé e síbi tó wà ní 28°C sí 30°C fún wákàtí 36 sí 48. Ẹni tó bá wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní wàhálà. Ibi òjìji nínú ilé ti tó. Ẹni tó bá wà ní London nígbà òtútù lè gbé e sínú ófúnù tí iná gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ń tàn, tàbí kó fi kúbùsù wé e. Kúbùsù òwú náà ni wọ́n fi ń wé e ní Ṣáínà.

Láàárín wákàtí 24, ẹ óò rí irun funfun tín-ín-tín lórí ìrẹsì. Ẹ má bẹ̀rù, olú ti jí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìrẹsì á di odidi kan tó ń yọ̀ lára abọ́, òórùn dídùn á jáde, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún sínú ihò. Ẹ fọwọ́ kan ara abọ́: ó lè gbóná ju inú yàrá lọ. Àwọn kòkòrò yìí ń mí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì ń mú ooru wá. Bó bá ń gbóná jù, ẹ ṣí kúbùsù.

Ẹni tó bá lóye ooru yìí ti lóye ìdajì ọ̀rọ̀ baijiu. Qu tiwọn tóbi, daqu ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fọ́ àlìkámà, nígbà mìíràn ọkà bálì àti píìsì, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù, wọ́n á wá tò ó sínú yàrá. Wọn kì í da kòkòrò kankan sí i. Èyí tó wà lára ọkà, lára koríko tí wọ́n fi bò ó àti nínú yàrá ni yóò wọ̀ ọ́. Búlọ́ọ̀kù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀, iṣẹ́ apọntí sì ni kó máa ṣí fèrèsé, kó máa yí búlọ́ọ̀kù padà, kí ooru má kọjá ibi tó fẹ́. Ní Xinghuacun ní Shanxi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe baijiu tí wọ́n ń pè ní Fenjiu, wọn kì í jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 50°C, ọtí wọn sì ń tura, òórùn rẹ̀ kò wúwo. Ní Maotai ní Guizhou, wọ́n máa ń jẹ́ kó ju 60°C lọ. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúkàrà ti kú. Àwọn Bacillus tó lè fara da ooru ló ṣẹ́ kù, ìbátan àwọn tó ń mú irú yọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Òórùn bíi sọ́ọ̀sì ẹ̀wà sóyà tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ san owó gọbọi fún Moutai, baijiu ìlú Maotai, ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀.

Ta ni yóò wá pọntí nígbà tí ìwúkàrà ti kú? Àwọn ará Maotai máa ń kó ọkà tí wọ́n ti da qu mọ́ jọ gẹ́gẹ́ bí òkìtì sórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìwúkàrà láti inú atẹ́gùn, láti ilẹ̀ àti lára irinṣẹ́ lè wá máa gbé ibẹ̀. Ìgbà tí òkìtì bá gbóná dáadáa ni wọ́n tó kó o sínú kòtò. Lójú tèmi, kò sí ohun tó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: wọ́n fi ooru lé àwọn òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n sì tún ṣílẹ̀kùn fún wọn láti padà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tọ́ ọ wò

Bí omi bá ti kún ihò dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ṣíbí tó mọ́ bù ú tọ́ wò. Ó yẹ kó dùn bí oyin tí a fi omi là, kí ọtí inú rẹ̀ sì máa ta yín létè díẹ̀. Jiuniang dé nìyẹn. Ní Sichuan, laozao ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé e sínú fìríìjì kí iṣẹ́ lè falẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà máa ń fi omi sè é pẹ̀lú ẹyin tàbí pẹ̀lú òkèlè ìrẹsì roboto kéékèèké tí wọ́n ń pè ní tangyuan. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí, ọmọdé, aboyún àti ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọtí wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Ìgbésẹ̀ keje: láti jiuniang dé mijiu

Ẹ da omi tó ti hó tó sì ti tutù sí i, lítà kan sí kílò ìrẹsì kan, kí ẹ dà á sínú ìgò ńlá tó ṣì ní àyè lókè. Ẹ fi ìdérí bò ó láìfún un pa, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ibi tó tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ ló fẹ́ báyìí, 20°C sí 25°C. Ẹ rò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Atẹ́gùn ti dín kù, olú ti rọwọ́, ẹ́ńsáìmù tó fi sílẹ̀ nìkan ló ṣì ń gé. Ìwúkàrà ló ni ilé wàyí. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, híhó á dúró, ìrẹsì á rì, adùn á dín, ọtí á le. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sínú fìríìjì kó tòrò.

Tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná títí ọtí inú rẹ̀ yóò fi dé 65°C sí 70°C, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó dé e pa. Ìgò tí ẹ bá dé pa láìṣe èyí lè bẹ́ mọ́ yín lójú.

Ìgò gíláàsì yín kò fi nǹkan kan kún ọtí. Kòtò àwọn apọntí Sichuan kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Luzhou, wọ́n ṣì ń lo kòtò amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lọ́dún 1573. Bakitéríà bíi Clostridium, tí kì í fẹ́ rí atẹ́gùn, ló kún inú amọ̀ náà, ásíìdì tí wọ́n ń ṣe sì ń pàdé ọtí kó lè di ethyl hexanoate, èròjà tó ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó. Bí kòtò bá ṣe ń dàgbà ni owó rẹ̀ ń gun òkè. Àwọn ará Xinghuacun kò fẹ́ òórùn yẹn rárá nínú Fenjiu tiwọn. Ìkòkò amọ̀ sísun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò kí ọkà má bàa fara kan ẹrẹ̀. Ohun tí a ń lé lọ níbì kan ni wọ́n ń wá kiri níbòmíràn.

Ìgbà tí nǹkan bá wọ́

Bí omi kò bá sun lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ tutù jù, bóyá qu yín ti gbó, tàbí bóyá ẹ dà á sí ìrẹsì gbígbóná. Tó bá jẹ́ òtútù ni, ẹ gbé e síbi tó móoru, yóò jí. Bó bá kan jù, ooru ló pọ̀ jù tàbí abọ́ ni kò mọ́. Bakitéríà ti ṣáájú ìwúkàrà dé ibi oúnjẹ.

Irun funfun dára. Bí ẹ bá rí àwọ̀ pupa, ọsàn, àwọ̀ ewé, yẹ́lò tàbí dúdú, ẹ dà á nù pátápátá. Ẹ má fi ṣíbí yọ apá ibẹ̀ kí ẹ wá jẹ ìyókù. Mi ò fi èyí ṣeré. Ní oṣù January 2015, èèyàn 75 kú ní Mozambique lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ọkà níbi ìsìnkú. Májèlé bongkrekic acid, tí bakitéríà Burkholderia gladioli ń ṣe, ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní oṣù October 2020, májèlé yìí kan náà pa èèyàn mẹ́sàn-án ní ìlú Jixi ní ẹkùn Heilongjiang ní Ṣáínà. Oúnjẹ àgbàdo kíkan tí wọ́n ṣe nílé, tí ó ti pẹ́ nínú fìríìsà, ni wọ́n jẹ. Iná ìdáná kì í pa májèlé náà, kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún yín. Ọkà tó ti hùkasì tẹ́lẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun tó ti rin, kò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò ọtí.

Èérí ìrẹsì tó bá kù nínú aṣọ lẹ́yìn tí ẹ sẹ́ ọtí, jiuzao ni wọ́n ń pè é, wọn kì í dà á nù. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi pa ẹja tútù lára, kí ó sùn nínú fìríìjì mọ́jú. Ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó dín ẹja náà, torí ṣúgà tó kù lára rẹ̀ máa ń tètè jóná.